Kòtò ẹja tó ti ṣófo: kí la ó ṣe sí i kí ọmọ ẹja tuntun tó wọ̀ ọ́?

Ọmọ Odògbólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. A ta àrọ̀ wa tán nígbà ọdún, kòtò ti wá ṣófo báyìí. Kòtò oníyẹ̀pẹ̀ ni, inú akúrò ló wà, lápá Odògbólú níbí. Omi tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ò ju kókósẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ omi yẹn ń gbé èèyàn mì dé orúnkún. Ó dúdú kirikiri, ó sì ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja fún wa ti ń pè mí láràárọ̀ pé ọmọ ẹja òun ti tó kó, pé bí n ò bá tètè wá, ẹlòmíràn á gbé e lọ. Aládùúgbò mi kan ní kí n ṣáà fa omi tuntun sí i kí n da ọmọ ẹja sílẹ̀, pé àrọ̀ ò kọ ẹrẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra láìmù, ẹfun tí wọ́n ń dà sí ilẹ̀ kòtò. Àbúrò mi ọkùnrin tiẹ̀ ní ká jáwọ́ nínú àrọ̀, ká máa sin edé, pé edé ló lówó lórí lọ́jà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí ṣáájú wa, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ìgbà wo ló tó kí ọmọ ẹja wọlé?

Bàbá Akúrò

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á fún ẹ ṣe. Má dá ẹni tó ń ta ọmọ ẹja lóhùn ná. Ọmọ ẹja ò lè wọ́n tán nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Bí tọ̀sẹ̀ yìí bá lọ, tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé. Ṣùgbọ́n kòtò tó o bá fi ìkánjú bu omi sí, kò sí bó o ṣe fẹ́ tún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe mọ́ títí oṣù márùn-ún, mẹ́fà tí ẹja máa fi wà nínú ẹ̀.

Ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni kó o kọ́kọ́ mọ̀. Fíìdì tí ẹja ò jẹ tán, ìgbẹ́ ẹja, ewé tó já bọ́ sómi, gbogbo ẹ̀ ló rì síbẹ̀. Bó bá ti pọ̀ jù, atẹ́gùn ò ráyè dé inú ẹrẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni ẹrẹ̀ máa ń dúdú, tí gáàsì tó ń rùn yẹn á máa jáde. Oró ni gáàsì náà fún ẹja. Òótọ́ ni aládùúgbò rẹ sọ pé àrọ̀ lágbára: ó lè yọ ẹnu sókè omi kó gba atẹ́gùn, òun ni kì í fi í tètè kú bí àwọn ẹja yòókù. Ṣùgbọ́n kéèyàn má kú yàtọ̀ sí kí ara èèyàn le. Á máa jẹun ṣákálá, egbò á máa yọ sí i lára, fíìdì á máa lọ, ẹja ò ní tóbi.

Oṣù Kìíní la wà yìí, ọyẹ́ ń fẹ́. Àǹfààní ńlá lo ní nìyẹn, má fi ṣòfò. Ẹni tó kó ẹja nínú oṣù Kẹfà kò lè rí kòtò akúrò gbẹ, bó ti wù kó fẹ́ ẹ tó. Fi pọ́ǹpù fa omi tó kù jáde. Gbẹ́ ojú àgbàrá tóóró láàárín kòtò, láti òkè lọ dé ibi tó jìn jù, kí omi tó ń sun lábẹ́ ilẹ̀ lè máa wọ́ jọ síbì kan, kó o máa fà á láràárọ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí oòrùn ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì la sábà máa ń sọ fúnni, ṣùgbọ́n má ka ọjọ́, ilẹ̀ ni kó o wò. Bí ilẹ̀ bá ti sán dáadáa, tí ìka ọwọ́ rẹ lè wọ ojú ibi tó sán, rìn lórí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rì, kò tíì yá. Bí kò bá rì, mú àdá, kó o gé ògúlùtu kan láàárín kòtò gan-an. Má gé ti etí bèbè, ibẹ̀ máa ń tètè gbẹ, á tàn ẹ́ jẹ. Fọ́ ògúlùtu náà sí méjì, kó o wo inú rẹ̀. Bí inú ẹ̀ bá ṣì dúdú, tó sì ń rùn nígbà tó o gbé e sún mọ́ imú, tún fi í sílẹ̀. Bó bá ti di àwọ̀ eérú tàbí pupa rúsúrúsú, tó jẹ́ òórùn ilẹ̀ oko nìkan ló kù lára ẹ̀, oòrùn ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ṣàgámù

Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹja tó sá pamọ́, torí òun ló ń jẹ owó àwọn ọmọ yìí.

Ọmọ mi, àrọ̀ kì í wọ àwọ̀n tán. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ́ àwọ̀n kiri inú kòtò, àwọn kan á rì sínú ẹrẹ̀, àwọn kan á wọ ihò alákàn lára bèbè. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìsí omi lórí wọn, tí ara wọn bá ṣáà ti tutù. Ìwọ á wá bu omi tuntun sí i, wàá da ọmọ ẹja ẹgbẹẹgbẹ̀rún sí i, o ò mọ̀ pé oúnjẹ lò ń gbé lọ bá wọn. Lálaalẹ́ ni àrọ̀ ńlá á máa gbé wọn mì. O ò ní rí òkú kankan lójú omi tí wàá fi fura. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ kó ẹja lo tó máa mọ̀ pé iye tó o dà sílẹ̀ kọ́ lo bá.

Nítorí náà, bí kòtò bá ti ń gbẹ, máa rìn yí i ká lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ihò tí ẹnu ẹ̀ tutù, tó ń dán, nǹkan wà níbẹ̀. Ihò tí ẹnu ẹ̀ ti gbẹ, tí aláǹtakùn ti tawú sí, kò sí nǹkan kan. Fi ọkọ́ tú èyí tó tutù, mú ẹja náà lọ sínú ìkòkò ọbẹ̀, kó o wá fi amọ̀ dí ihò náà pinpin, kó o gún un. Ihò kan náà yẹn lomi ń gbà jò lóru.

Ẹpìyà tún wà. Kékeré ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n á bímọ, ọmọ ẹ̀ náà á bímọ, wọ́n á jọ máa bá àrọ̀ jẹ fíìdì tó o fowó rà. Ìṣáwùrú tó o bá rí lára bèbè, ṣà á dànù. Àwọn aràn kan tó ń wọ ẹja lára, inú ìṣáwùrú ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dàgbà.

Ẹlẹ́ja Ìjẹ̀bú-Òde

Èmi ní tèmi, ẹ gba àwọn ọmọkùnrin tó lágbára, kí wọ́n fi ṣọ́bìrì àti bárò kó gbogbo ẹrẹ̀ yẹn jáde títí wọ́n á fi kan ilẹ̀ líle. Ká tún kòtò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹrẹ̀ náà ò ní ṣòfò: ẹ kó o sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe máa yọ.

Àgbẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ lèèyàn lè gbẹ́ kan ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Láti Ṣàgámù wá sí Ìkẹ́nnẹ́ níbí, lọ dé apá Odògbólú tí àbúrò wa wà, ilẹ̀ wa níyanrìn púpọ̀. Ẹrẹ̀ tó ti pẹ́ nísàlẹ̀ kòtò ni kì í jẹ́ kómi jò. Ẹni tó bá họ gbogbo ẹ̀ dànù tó fi dé orí iyanrìn, pọ́ǹpù lá máa fi lépa omi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, owó epo nìkan á sì jẹ èrè ẹ̀ tán.

Èyí tó dúdú, tó rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń rùn lókè, òun ni kí wọ́n kó. Èyí tó le lábẹ́ ẹ̀, tó ń fà mọ́ ọwọ́ téèyàn bá fún un, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sì ti ṣèèṣì dé orí iyanrìn, kí wọ́n wá amọ̀ kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gún un mọ́lẹ̀ kó tó gbẹ. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó, kí wọ́n má dà á sórí bèbè. Òjò àkọ́rọ̀ kan péré ló máa gbá gbogbo ẹ̀ padà sínú kòtò.

Ẹlẹ́ja Ìjẹ̀bú-Òde

Mo gbà. Amọ̀ ni akúrò tiwa, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Odògbólú, fi igi gún ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò níbi mélòó kan kó o tó pe àwọn ọmọ oníṣọ́bìrì, kó o mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti láìmù, torí mo rí i pé èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ṣáà ti rí lọ́jà ni wọ́n ń rà. Oríṣi mẹ́ta ni, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba.

Àkọ́kọ́ ni láìmù àgbẹ̀, òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ kúnná. Òkúta yìí ò jìnnà sí wa, irú ẹ̀ náà ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ṣàgámù. Kì í jóni lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti mú kí ilẹ̀ tó kan rọlẹ̀. Kì í pa kòkòrò àrùn. Èkejì ni èyí tí wọ́n sun nínú iná tí kò tíì fara kan omi. Bómi bá kàn án, á hó, á sì gbóná. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n sun tí wọ́n ti fomi pa, tó wá di ìyẹ̀fun funfun tí àwọn èèyàn fi ń kun ògiri láyé ìgbà kan. Àwọn méjì tí wọ́n sun yìí ló ń pa kòkòrò àrùn, àti ẹja tí Ìyá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, nítorí pé wọ́n ń gbé pH omi tó wà níbẹ̀ (òǹkà tó ń sọ bí omi tàbí ilẹ̀ ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré sí ni kíkan ṣe pọ̀ sí) ga dé 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹja tó lè gbé inú irú omi bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n: ẹ wọn kòtò yín. Fún ilẹ̀ tó jẹ́ mítà 10 ní ìbú, mítà 10 ní òró, kìló 10 sí 15 láìmù sísun tó fún pípa kòkòrò. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tó kan lẹ fẹ́ tún ṣe, kìló 10 sí 20 láìmù àgbẹ̀ ló máa ń lọ sórí ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà, bí pH ilẹ̀ bá wà láàárín 5.5 sí 6. Bó bá ti ju 7 lọ, ẹ má wulẹ̀ náwó sí láìmù àgbẹ̀. Ilẹ̀ akúrò wa sábà máa ń kan, pàápàá níbi tómi ti pọ́n, tí nǹkan pupa ń lé lójú ẹ̀.

Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ ra bébà tí wọ́n fi ń yẹ pH wò. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ láti ibi bíi márùn-ún nínú kòtò, ẹ pò ó pọ̀, ẹ bu ife kan nínú ẹ̀, ẹ da ife omi kan tó mọ́ lé e, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ títí omi òkè fi là, ẹ wá ti bébà bọ̀ ọ́.

Bẹ́ ẹ bá ń da èyí tí wọ́n sun, ibi tí ọ̀rinrin ṣì wà ló ti ń ṣiṣẹ́ jù: ojú àgbàrá tí Bàbá ní kẹ́ ẹ gbẹ́, ibi tómi ṣì dúró sí, ẹnu ihò, ẹsẹ̀ bèbè. Ẹ bo imú àti ojú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò, kẹ́ ẹ sì kẹ̀yìn sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lójú, omi púpọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kọ́mọdé bá yín da láìmù yìí. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ Odògbólú

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti kó àpò ìgbẹ́ adìẹ mélòó kan sílẹ̀ kí omi lè tètè di àwọ̀ ewé. Ṣé mo lè da òun àti láìmù pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí n má baà san owó lébìrà lẹ́ẹ̀mejì?

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Àgọ́-Ìwòyè

Rárá o. Bí láìmù sísun bá kan ìgbẹ́ adìẹ, amóníà ló ń lé jáde. Òórùn tó máa ń gúnni nímú nínú ilé adìẹ nì, òun náà nìyẹn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kómi jẹ á gba ojú ọ̀run lọ, èyí tó kù nínú omi á sì máa ta ẹja. Ẹ jẹ́ kó tó ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán, láàárín àwọn méjèèjì. Láìmù ni kó ṣáájú.

Ẹni tó ń fún àrọ̀ ní fíìdì, ìgbẹ́ adìẹ díẹ̀ ló nílò. Kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ dì í sínú àpò, kẹ́ ẹ so ó rọ̀ sómi ní igun kòtò kan. Bómi bá ti ní àwọ̀ tó, ẹ fa àpò náà jáde. Èyí tẹ́ ẹ bá fọ́n káàkiri kò ṣeé kó mọ́.

Ẹlẹ́rọ Ìpẹru

Ẹ̀yin ń da ara yín láàmú lórí ẹja tó sá pamọ́. Mo mọ àwọn tó ń da Gamalín, oògùn apakòkòrò nì, díẹ̀ sínú omi tó kù nísàlẹ̀. Kílẹ̀ tó mọ́, gbogbo ẹ̀ ti lé.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ṣàgámù

Ẹlẹ́rọ, jọ̀ọ́, má tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ń wá ìmọ̀ràn.

Oró tó wà nínú nǹkan yẹn, tí wọ́n ń pè ní lindane, kì í tètè kúrò nínú ẹrẹ̀. Ọ̀rá ara ẹja ló ń sá sí, láti ibẹ̀ ló ń bọ́ sára ẹni tó jẹ ẹja. Àdéhùn Stockholm ti kà á mọ́ àwọn oró tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú wọn láti 2009. Omi akúrò kì í sì í dúró lójú kan. Ibi tá a bá da oró sí lónìí, ẹnì kan wà nísàlẹ̀ odò tó ń pọn omi náà lọ sílé, tó ń fi wẹ̀ fún ọmọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń ta ẹja fún lọ́jà. Ìyá kan tó ra ẹja lọ́wọ́ mi ò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀; èmi ni mo mọ̀. Tí láìmù àti oòrùn ò bá pa ẹja tó ṣẹ́ kù, ká tú ihò, ká fọwọ́ mú un.

Ẹlẹ́rọ Ìpẹru

Mo gbọ́, Ìyá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ là á yé mi.

Àgbẹ̀ Ìlíṣàn

Ẹni tó bá jẹ́ kòtò sìmẹ́ńtì ló ní, ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ò kàn án: ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn, ó tán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tuntun, ẹ bu omi kún un, ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe, títí agbára sìmẹ́ńtì fi lọ. Ẹ fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó

Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ, inú kòtò ni. Omi tó máa wọ̀ ọ́ ńkọ́?

Níbi tiwa, ibùdó gàrí wà lókè odò. Ẹ sì mọ gàrí Ìjẹ̀bú, ó gbọ́dọ̀ kan dáadáa kí wọ́n tó yan án. Omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń fún dànù ń kan, oró inú ẹ̀gẹ́ tútù sì wà nínú ẹ̀. Nígbà òjò, odò kún, ó ń là á. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tá a wà yìí tí odò ti fà, omi ẹ̀gẹ́ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ tó omi odò fúnra rẹ̀. A ti rí i níbi tiwa tí ẹja lé lójú omi ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí wọ́n fún ẹ̀gẹ́.

A ò bá àwọn ìyá náà jà. Oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n ń wá, bíi tiwa. A lọ kí wọn, a ṣàlàyé, wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń fún ẹ̀gẹ́ fún wa, a kì í sì í ṣí ẹnu omi wa lọ́jọ́ náà títí di ọjọ́ kejì ẹ̀. Àwọn àti àwa wá jọ gbẹ́ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó, ibẹ̀ lomi ẹ̀gẹ́ ń lọ báyìí dípò odò. Kó o tó bu omi sí kòtò, rìn gòkè odò lọ, kó o fojú ara rẹ rí ohun tó wà níbẹ̀. Wo oko tó wà létí odò pẹ̀lú, kó o bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n fín oògùn.

Ẹnu ibi tómi ń gbà wọlé, so àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kó jẹ́ ìlọ́po méjì, kó gùn bí àpò kó lè máa gba ìdọ̀tí dúró láìya. Ọmọ ẹpìyà àti ọmọ àwọn ẹja mìíràn inú odò ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Má lo àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ń pín nílé ìwòsàn o! Oògùn apakòkòrò wà lára ẹ̀, ẹja ò sì lè fara da oògùn yẹn rárá.

Ará Etídò, Abígí

Mo fẹ́ bá àbúrò Ọmọ Odògbólú sọ̀rọ̀ lórí edé, torí etí ọ̀sà ni mo dàgbà sí.

Edé ńlá inú ọ̀sà wa, èyí tó lápá gígùn, tí wọ́n ń mú láti Ẹ̀pẹ́ lọ dé Ìwòpin, inú omi tí kò níyọ̀ ló ń gbé bó bá ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nínú ẹyin ò lè yè láìsí iyọ̀ díẹ̀ nínú omi. Òun ló fà á tí ọmọ edé ò fi pọ̀ lọ́jà bí ọmọ àrọ̀. Edé òkun tí wọ́n ń sìn ní Ẹ̀kúádọ̀, Fiẹtinámù àti Táílàǹdì, omi oníyọ̀ gan-an ni tiẹ̀, akúrò Odògbólú ò lè fún un. Kí àbúrò kọ́kọ́ mọ ibi tó ti máa rí ọmọ edé kó tó gbẹ́ kòtò fún un.

Bó ti wù kó rí, ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tó ń sin edé lókè òkun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àrùn kan ti wọlé sí wọn lọ́rùn, tó ń yọ àmì funfun sára edé. Kò ní oògùn. Ó lè pa edé inú kòtò kan tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́wàá. Òun ló sọ wọ́n di ẹni tí kì í fi ìsàlẹ̀ kòtò ṣeré: wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á kó ẹrẹ̀ dúdú, wọ́n á da láìmù, wọ́n á fi ọ̀rá ṣe ọgbà yí kòtò ká kí alákàn má wọlé, torí alákàn ń gbé àrùn náà kiri. Ọmọ edé tí wọn ò tíì yẹ̀ wò fún àrùn yìí, wọn ò jẹ́ kó kan omi wọn. Àrọ̀ kì í kó àrùn yẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe ò yàtọ̀ sí ohun tí Bàbá Akúrò ń sọ níbí.

Bàbá Akúrò

Ará Etídò, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ àrùn tó o dá sílẹ̀ yẹn rán mi létí aládùúgbò.

Níbi tí kòtò bá pọ̀ sí lójú kan, bí abúlé ẹlẹ́ja ti Eriwe nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde níbi tí àwọn alájẹṣẹ́kù ti ń sin ẹja pọ̀, omi tẹ́nì kan tú jáde lè jẹ́ omi tẹ́nì kejì ń gbà wọlé. Kó o tó tú omi dúdú yẹn, kó o tó da láìmù, sọ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ kó ti ẹnu omi tirẹ̀. Bẹ kòtò tó wà lókè rẹ náà wò: bí ẹja bá ń kú níbẹ̀, má gba omi lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọ̀n tí wọ́n yá ọ, garawa tí wọ́n yá ọ, fọ̀ ọ́, kó o sá a sóòrùn títí á fi gbẹ láú kó tó kan omi rẹ.

Ọmọ Odògbólú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti sọ fún ẹni tó ń ta ọmọ ẹja pé kó máa tà fún ẹlòmíràn ná. Pọ́ǹpù ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ìbéèrè tó kù: bí mo bá ti da láìmù, tí mo ti bu omi sí i, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé omi ti yá? Irú ọmọ ẹja wo ni kí n rà?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ṣàgámù

Má bu omi kún un lẹ́ẹ̀kan náà. Bù ú dé orúnkún, kó o fi í sílẹ̀ kí oòrùn máa wọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Láàárín ọjọ́ bíi márùn-ún sí mẹ́wàá, àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ti apá rẹ bọ inú omi dé ìgúnpá, kó o tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Bó o bá ṣì ń rí ìlà ọwọ́ rẹ kedere, omi ò tíì yá. Bó bá jẹ́ pé o ò rí ọwọ́ rárá bí omi ṣe dé ọrùn ọwọ́, ó ti ki jù, tú díẹ̀ jáde, kó o bu tuntun sí i. Bí ọwọ́ bá ń pòórá bó ṣe ń sún mọ́ ìgúnpá, ó dára. Ìgbà yẹn ni kó o wá bu omi kún un dé bíi mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. pH ò gbọ́dọ̀ ju 8.5 lọ, kò sì gbọdọ̀ wá sísàlẹ̀ 6.5.

Ní ti ọmọ ẹja, fún kòtò oníyẹ̀pẹ̀, èyí tó ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní juvenile, ni kó o rà, má ra wẹ́wẹ́. Ẹyẹ apẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń jẹ wẹ́wẹ́ tán. Dúró tì wọ́n kí wọ́n ṣà á níṣojú rẹ kó dọ́gba. Èyí tó bá tóbi ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà ló máa jẹ. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú agbada: èyí tó dúró gbagidi sókè omi tó ń mí gúlegúle, tí awọ rẹ̀ ní àpá funfun, tàbí tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti gé, fi í sílẹ̀ fún wọn.

Kó wọn wá ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní kùtùkùtù. Má dà wọ́n sínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbé ọ̀rá tí wọ́n wà nínú ẹ̀ lé ojú omi fún bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20, lẹ́yìn náà máa bu omi kòtò sí i díẹ̀díẹ̀, kó o wá dẹ ẹnu ọ̀rá sílẹ̀ kí wọ́n fúnra wọn wẹ̀ jáde. Má fún wọn lóúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Àgọ́-Ìwòyè

Ìyá ti sọ ọ́ tán, nǹkan kan péré ni mo fẹ́ fi lé e. Kẹ́ ẹ tó lọ san owó gbogbo ọmọ ẹja, ẹ gba bíi ogún wá. Ẹ ran àwọ̀n sára igi mẹ́rin kó dúró bí àgò, kẹ́ ẹ rì í sínú kòtò níbi tó jìn, kí ìdí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, torí ìsàlẹ̀ là ń bẹ̀rù. Ẹ kó ogún yẹn sínú ẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bí gbogbo wọn bá wà láàyè tí wọ́n sì ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ lọ kó ìyókù. Bí méjì, mẹ́ta bá kú nínú wọn, ẹ tún pH wò, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan sí i, kẹ́ ẹ tún gba ogún mìíràn wá.